Gbèsè Kì Í Ṣe Ìwà

Bí ìkéde bá ti jáde pé ọlọ́pàá, Civil Defence tàbí Immigration fẹ́ gba èèyàn, kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa ní Fìdítì àti Ìlọràá. WhatsApp á gbóná. A ó sáré ya fọ́tò, a ó wá ìwé ọjọ́ ìbí, a ó bẹ ẹni tó máa ṣe onídùúró fún wa. Nínú ohun tí wọ́n máa ń là sílẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ orí, gíga àti ìwé dókítà, gbólóhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kà kọjá: ẹni tó fẹ́ wọlé kò gbọdọ̀ wà nínú ìdààmú owó. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí: onígbèsè, má wulẹ̀ yọjú.

A ò sọ pé òfin náà ò nídìí. Ẹni tó máa di kọ́kọ́rọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n mú, tàbí tó máa gbé ìbọn dúró lójú títì, bí gbèsè bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò ní ṣòro fún ọ̀daràn olówó láti rà á. Ìyẹn yé wa. Ohun tí ò yé wa ni pé: gbèsè wo? Èló? Ta ló ń wọ̀n ọ́n? Ìkéde kì í sọ. Òfin tí ò bá ní ìwọ̀n, ọwọ́ ọ̀gá tó jókòó sídìí tábìlì ni ìwọ̀n rẹ̀ máa ń wà. Ọmọ ẹni ńlá á jẹ gbèsè wọlé. Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n á rántí òfin fún.

Ta ló tiẹ̀ ń jẹ gbèsè lọ́dọ̀ wa? Àgbẹ̀ tó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí ọsàn tó pọ́n. Ìyá tó gba owó èlé láti fi san owó ilé ìwòsàn. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ sí Ìbàdàn nìkan tó sọ èèyàn di ajigbèsè. Àwa ọ̀dọ́ ńkọ́? Áàpù ni. Ẹ tẹ fóònù, owó wọlé. Ọjọ́ pé, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà orí fóònù yín pé olè ni yín. Ìwà yìí pọ̀ débi pé àjọ FCCPC, tó ń gbèjà oníbàárà, gbé ìlànà jáde ní 2022 láti fi kápá wọn. Ṣé ẹni tó yá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni ìwà rẹ̀ bàjẹ́, àbí ẹni tó pariwo rẹ̀ fún pásítọ̀ àti àna rẹ̀?

Ìlọràá náà kúkú lè jẹ́rìí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń dá oko sílẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́ ní nǹkan bí 1960, Ìlọràá wà lára ibi tí wọ́n dá a sí. Ẹ̀yáwó ni wọ́n fi gbé wọn dìde, pé kí wọ́n máa san án látinú ohun tí oko bá mú wá. Ìjọba ò sọ nígbà yẹn pé onígbèsè ò ṣeé fọkàn tán. Ó fọkàn tán wọn ló ṣe yá wọn.

Ẹ tún ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Àfikún Karùn-ún ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba kéde ohun ìní rẹ̀ àti gbèsè rẹ̀ nígbà tó bá gba ipò, àti ní òpin ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Kó kéde, ló wí. Kò ní kó má jẹ. Bí gómìnà bá lè kọ gbèsè tiẹ̀ sílẹ̀, kó sì máa ṣàkóso lọ, kí ló dé tí ọmọ Awẹ́ tó fẹ́ ṣe kọ́ńsítébù ò lè kọ tiẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn èèyàn wa kan ti ń ṣiṣẹ́ ológun, wọ́n máa ń yẹ owó èèyàn wò kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan àṣírí ìjọba. Gbèsè lè ba nǹkan jẹ́ fún un níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017 ní kí wọ́n wo ohun tó fà á: ṣé iṣẹ́ ló bọ́, ṣé àìsàn ni, ṣé ìgbéyàwó ló tú? Ṣé ó ń san án díẹ̀díẹ̀? Bí wọ́n bá sì fẹ́ kọ̀ ọ́, wọ́n á kọ ìdí rẹ̀ fún un, á sì lè fèsì.

Èyí tó tiẹ̀ dùn wá jù ni pé ẹni tó ń lé onígbèsè lẹ́nu ọ̀nà ló ń sọ èèyàn di onígbèsè nínú ilé. Ní oṣù Keje 2025, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì wọ́de l'Ábùjá nítorí owó ìfẹ̀yìntì tí ò tó jẹun. Bí gbèsè bá léwu fún ààbò ìlú, ẹ san owó òṣìṣẹ́ ààbò bó ṣe yẹ.

Ohun tí à ń béèrè ò le. Ẹ kọ irú gbèsè tó lè dí èèyàn lọ́wọ́ sílẹ̀ kedere. Ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún ṣàlàyé, kó mú ìwé wá. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹni tó fi gbèsè pamọ́, tàbí tó ń sá fún olówó, ẹ lé e. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ má jẹ́ ká fún wọn láwáwí: ẹ lọ bá ẹni tẹ́ ẹ jẹ lówó sọ̀rọ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì iye tẹ́ ẹ ti san. Ọjọ́ tí wọ́n bá bi yín, ẹ gbé e kalẹ̀ lójú wọn.