Kí A Má Fi Gbèsè Rán Aṣọ Ọdún Ọmọ

Ọ̀rọ̀ owó-oṣù àti àjẹmọ́nú ni a sábà máa ń kọ sí ojú-ewé yìí. Lónìí, ọ̀rọ̀ aṣọ ọdún àwọn ọmọ wa kékeré ni a gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá nìkan ni. Láti inú owó-oṣù kan náà ni aṣọ yìí ti ń jáde.

Àwọn kan ń sọ pé kí òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó jẹun má ṣe dá aṣọ ọdún rárá. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ ohun tí ń jẹ́ ọ̀wọ́n-gógó ọjà. Ohun tí ó mọ̀ ni pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti wọ tuntun, wọ́n sì ń ti ilé dé ilé láti kí àwọn àgbà kú ọdún. Kò sí òbí tí ó fẹ́ kí ọmọ òun fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ní ọjọ́ náà.

Gbèsè ni a ń bá wí. Àwọn bàbá wa mọ Òṣómàáló, oníṣòwò ará Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tí ó sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gba owó rẹ̀. Òṣómàáló òde òní kì í lóṣòó mọ́. Orí owó-oṣù wa ni ó ti ń yọ tirẹ̀ kí owó náà tó kàn wá lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wa gba léèsì àwìn fún ọmọ méjì nígbà Kérésìmesì. Ó di oṣù kẹrin kí ó tó san án tán. Nígbà náà, aṣọ ti há mọ́ àwọn ọmọ lára, owó ilé-ìwé sì wà nílẹ̀ láìsan.

Léèsì pàápàá kì í ṣe aṣọ ọmọ kékeré. Ó ń yún un lára, ooru sì ń mú un. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa sunkún pé kí wọ́n bọ́ ọ. Àǹkárá olówùú tàbí àdìrẹ sàn jù. Yáàdì 6 lè tó ọmọ kékeré mẹ́ta, bí ẹni tí ó gé e bá mọṣẹ́. Kí a kọ́kọ́ rẹ aṣọ náà sómi, kí a sá a gbẹ kí a tó gé e, nítorí aṣọ òwú a máa súnkì. Kí télọ̀ ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú dáadáa, kí ó fi àlékún sí ìhà méjèèjì, kí ó sì fi rọ́bà sí ìbàdí ṣòkòtò. Bí ọmọ bá ga sí i, a ó tú etí náà sílẹ̀, aṣọ ọdún yìí yóò sì tún di tọdún tí ń bọ̀.

Télọ̀ ńkọ́? Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni. A ń gbé aṣọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́ta, a sì ń bínú bí kò bá parí rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó ń ná sí jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí ń pariwo pé kí ọ̀gá san owó òun lásìkò kò gbọdọ̀ jẹ télọ̀ lówó. Kí a gbé aṣọ lọ ní oṣù méjì ṣáájú, kí a san ìdajì, kí a sì san ìyókù ní ọjọ́ tí a bá gbà á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kì í ṣe ti òbí nìkan. Òfin ọdún 2024 gbé owó-oṣù tí ó kéré jù láti ₦30,000 sí ₦70,000. Oúnjẹ, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ pín in. Ọdún kì í sì í dúró de ìparí oṣù. Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé lọ́dọọdún: ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni ní 2023, ọjọ́ 16 ní 2024, ọjọ́ 6 ní 2025. Ti 2024 yẹn bọ́ sí àárín oṣù gan-an, nígbà tí owó àtijọ́ ti tán, tí tuntun kò tíì dé.

Nítorí náà, ohun méjì ni a ń fẹ́. Kí àwọn agbanisíṣẹ́ san owó oṣù kejìlá kí ọjọ́ 15 tó kọjá, kí wọ́n sì san apá kan ṣáájú fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ nígbà tí Iléyá bá bọ́ sí àárín oṣù. Èkejì, kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa máa gba díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, kí a lè jùmọ̀ ra aṣọ ní òpó kí ọjà tó gbówó lórí. Kí àwọn aṣojú gbé e wá sí ìpàdé ẹ̀ka.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Aṣọ tí a sanwó rẹ̀ tán kí ọmọ tó wọ̀ ọ́ ni aṣọ ọdún. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.