Ẹ̀bùn fún Aráàlú Kì í Ṣe Àjẹkù Olówó

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde lórí ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà tó jẹ́ ti ìjọba ìlú Larissa ní ilẹ̀ Gíríìsì. Òǹkọ̀wé yín ní kò yẹ kí wọ́n máa ná owó orí aráàlú lórí àwòrán tí olówó kan kó jọ fún ìgbádùn ara rẹ̀, pé àjẹkù olówó lásán ni. Ó tún ní ère àtijọ́ nìkan ni ohun tó kàn wá nínú ọnà àwọn Gíríìkì. N kò gbà fún un rárá.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni Georgios Katsigras tó fúnni ní àwọn àwòrán náà, ní Larissa níbẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́. Ní 1981, ó kó iṣẹ́ tó lé ní 700 fún ìlú náà, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Gíríìkì ti ọ̀rúndún 19 àti 20. Kò tà wọ́n, kò sì pín wọn fún ẹbí. Kí ló wá kù tí a fi ń pè é ní àjẹkù? Athens ni ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà àpapọ̀ ti orílẹ̀-èdè Gíríìsì ti wà láti 1900. Ọmọ àgbẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Thessaly tó yí Larissa ká ì bá rin nǹkan bí 350 kìlómítà kó tó rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìlú rẹ̀ ló ti ń rí i báyìí.

Ní ti ère àtijọ́, èmi náà ń yìn wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n ère kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1821, nígbà tí àwọn Gíríìkì dìde ogun láti gba òmìnira lọ́wọ́ ìjọba Ottoman. Àwọn bíi Nikephoros Lytras àti Nikolaos Gyzis, tí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ ní Munich, ló yàwòrán bí orílẹ̀-èdè tuntun náà ṣe ń wo ara rẹ̀.

Ẹ tún wo ayàwòrán Gíríìkì náà, Theophilos Hatzimichail. Ara ògiri ilé kọfí àti ṣọ́ọ̀bù ló ń ya àwòrán sí ní Volos àti ní àwọn abúlé Pelion, oúnjẹ ni wọ́n sì sábà fi ń san owó iṣẹ́ rẹ̀. Inú òṣì ló kú sí ní 1934. Tériade, ọmọ erékùṣù Lesbos tó di atẹ̀wéjáde ní Paris, ló kọ́lé fún iṣẹ́ rẹ̀ ní Varia ní erékùṣù náà, tó sì fi àwòrán 86 ta ìlú Mytilene lọ́rẹ. Láìsí ẹ̀bùn yẹn, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n lónìí?

Òótọ́ ni pé ìtọ́jú ẹ̀bùn ń náni lówó, ewu olè sì wà níbẹ̀. Àwòrán tí Picasso fún àwọn ará Gíríìsì ní 1949, olè jí i ní Athens ní 2012, ọdún 2021 ni wọ́n tó rí i. Ìyẹn kò ní kí ìlú máa kọ ọrẹ. Ó ní kí wọ́n ṣọ́ ọ dáadáa. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ló rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé yín bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ìjọba ìlú tó bá gba irú ọrẹ yìí ni pé: kí wọ́n máa pààrọ̀ àwòrán tó wà lára ògiri, kí èyí tó wà nínú yàrá ìpamọ́ lè jáde, kí orúkọ ẹni tó fi tọrẹ àti ọdún rẹ̀ hàn gbangba, kí ọmọ iléèwé sì máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Aráàlú ni wọ́n fún, aráàlú ló sì gbọ́dọ̀ máa rí i.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn