Ìyáàlù Ni Wọ́n Ń Pè É, Wọ́n Ní Obìnrin Kò Gbọdọ̀ Lù Ú

Ìlú Havana ní Kúbà ni ọ̀rọ̀ tòní ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá ni wọ́n fi ń jà á.

Lọ́dún 1993, àwọn obìnrin kan tó ti jó nínú Conjunto Folklórico Nacional, ẹgbẹ́ oníjó ìbílẹ̀ Kúbà, dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Eva Despaigne ló ṣáájú wọn. Obiní Batá ni wọ́n sọ ọ́. “Obìnrin” tiwa náà ni Lùkùmí ń pè ní obiní. Wọ́n ń jó ijó òrìṣà, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn lu bàtá. Bàtá yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ní Kúbà, ọkùnrin nìkan ló ń lu bàtá tí wọ́n ti fi Àyàn sí nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní Añá. Obìnrin lè jó níwájú rẹ̀, òrìṣà lè gùn ún níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nǹkan oṣù ni ọ̀pọ̀ wọn ń tọ́ka sí. Ìyá àgbà tí tirẹ̀ ti dá láti ọjọ́ pípẹ́ ńkọ́? Wọn ò jẹ́ kí òun náà lù ú. Èyí tó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Iyá ni wọ́n ń pe èyí tó tóbi jù nínú bàtá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí àwa náà ṣe ń pè é ní ìyáàlù.

Àwọn obìnrin yìí kò sì tẹ èèwọ̀ kankan lójú. Aberikulá ni wọ́n ń lù, bàtá tí wọn kò fi Àyàn sí, irú èyí tí àwọn ọkùnrin ń lù lórí ìtàgé. Tí igi àti awọ lásán bá wá di èèwọ̀ fún obìnrin, ọ̀rọ̀ òrìṣà ti kúrò níbẹ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jẹun nídìí ìlù. Ẹ má gbàgbé pé lọ́dún 1993 yẹn, ìyà ń jẹ Kúbà gidigidi, torí Soviet tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ti tú ká.

Nílé níbí, a ní Àyántúndé lọ́kùnrin, a ní Àyánkẹ́ lóbìnrin. Àwọn ìdílé onílù kan tiẹ̀ sọ pé obìnrin ni Àyàn fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí ìlù wa, n kò ní purọ́. Pé wọ́n pọ̀ kò sọ ọ́ di èèwọ̀.

Irú rẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2004, nígbà tí Asociación Cultural Yoruba ti Kúbà tako títẹ Ìyánífá. Obìnrin kì í wo igbá Odù, mo fara mọ́ ọn. Ìyẹn kò ní kó má tẹfá. Ẹni tó bá mọ Ọ̀ṣẹ́tùúrá mọ bí ayé ṣe dàrú nígbà tí àwọn òrìṣà ọkùnrin yọ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí Olódùmarè fi ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin babaláwo wa tó ń lọ sí Havana, wọ́n á bi yín léèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe rí nílé gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn, ẹ má sọ èyí tí olówó ibẹ̀ fẹ́ gbọ́.