Ipò Ogún Kì Í Ṣe Ẹ̀sín

Àwọn ẹlẹ́yà kò tíì yé bèèrè ohun tó da ọmọ Nàìjíríà pọ̀ mọ́ yìnyín. Lóòótọ́, nínú ogún ọkọ̀ bobsled tí àwọn obìnrin fi díje ní PyeongChang lọ́dún 2018, ti Nàìjíríà ló kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè Áfíríkà wo ló ti gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé Òlíńpíìkì ṣáájú? Kò sí.

Ṣeun Adigun fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ onígi ní Houston, kí òun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga lè máa fi kọ́ṣẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti bẹ aráyé fún dọ́là 75,000. Ìgbà tí wọ́n dé ibẹ̀ tán ni gbogbo ìlú ń pariwo pé ọmọ wa ni wọ́n.

Asáré ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́lẹ̀. Adigun tilẹ̀ sáré fún Nàìjíríà ní London lọ́dún 2012. Ẹsẹ̀ yíyá ni wọ́n gbé lọ sórí yìnyín. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ti ẹtu wà ní Erúnmu náà, bí kò tilẹ̀ mọ yìnyín kankan ju ti inú fìríìjì lọ. Bí ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà bá tọrọ owó kó tó rí ọkọ̀ gùn, ta ni ti Erúnmu yóò tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀? Kí àwọn tó ń pín owó eré ìdárayá dáhùn: mélòó ló ń dé Ẹgbẹ́dá?