Àkísà Àgbà

Eré ọmọdé ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pe rélùwéè kékeré tí àwọn àgbàlagbà òkè òkun ń kọ́ sínú ilé. N kò bá wọn gbà. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọkọ̀ tí ń dán ni ọmọdé ń fẹ́. Àgbà ni í fi ọ̀dà kùn ún, kí ó lè dà bí irin tí ó ti dógùn-ún. Ẹ wo John Allen ti Monterey ní Amẹ́ríkà: ìdá kan nínú 87 ìwọ̀n ọkọ̀ gidi ni ó fi kọ́ tirẹ̀. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1973. Kò pẹ́ tí iná fi jó iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, àwọn tí ń ṣe irú rẹ̀ ṣì ń kọ́gbọ́n lára fọ́tò tí ó yà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ta ni nínú wa tí ó ti fara balẹ̀ wo ohun tí ó gbó tó bẹ́ẹ̀ rí?