Ẹ̀rù Kì Í Ṣe Ẹ̀kọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi ti òsì fà á mọ́ra. Kò sí ilé tí wọn kò ti mọ òwe yìí ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ọ̀pọ̀ òbí ń lò báyìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀kọ́, àti pé òbí tó bá ní àṣà wa ló ní kí òun máa fi ìpayà tọ́ ọmọ ń parọ́ mọ́ àṣà.

Ní àwọn ọdún 1960, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Diana Baumrind, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí lórí bí òbí ṣe ń tọ́ ọmọ. Ó rí oríṣi mẹ́ta. Òbí àkọ́kọ́ le koko, àṣẹ nìkan ló mọ̀. Òbí kejì ń kẹ́ ọmọ ní àkẹ́bàjẹ́. Òbí kẹta ní òfin, ó sì dúró lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣàlàyé ìdí, ó sì ń tẹ́tí sí ọmọ. Ní 1983, Eleanor Maccoby àti John Martin fi ẹ̀kẹrin kún un: òbí tí kò fún ọmọ ní òfin, tí kò sì fún un ní ìfẹ́. Ọmọ òbí kẹta ni Baumrind rí pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀: "Ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Wọ́n nà wá, a ò kú, a sì dèèyàn." Apá kan èsì yìí mú ọgbọ́n dání. Ní 1994, Ruth Chao kọ ọ́ pé a kò lè fi òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà nìkan wọn àwọn òbí tó jẹ́ ọmọ Ṣáínà, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwọn, líle òbí àti ìtọ́jú rẹ̀ jọ ń rìn pọ̀ ni. Ní 2005, Jennifer Lansford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Ṣáínà, Íńdíà, Ítálì, Kẹ́ńyà, Philippines àti Thailand. Wọ́n rí i pé níbi tí nína ọmọ ti wọ́pọ̀, ìpalára rẹ̀ dín díẹ̀ sí ti ibi tí kò ti wọ́pọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn pàṣán lè yọ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kó kà á tán. Ìpalára náà dín kù ni, kò tán. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí kan Kẹ́ńyà tó jẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà bíi tiwa, bí nínà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìjà àti àìbalẹ̀ ọkàn ń pọ̀ sí i lára ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká wo àṣà tí wọ́n ń fi ṣe àwáwí náà. Nínú agbo ilé àtijọ́, bí bàbá bá mú pàṣán, ìyá àgbà wà nítòsí tí yóò ní, "Ó tó." Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ ń sá sí, òun náà ni yóò sì fi sùúrù ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ fún un. Ìyá ń ki ọmọ ní oríkì láàárọ̀. Lálẹ́, wọ́n ń pa àlọ́, ọmọdé ń béèrè, àgbà ń dáhùn. Ojú lásán ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń bá ọmọ wí. Lónìí, a ti kó lọ sí ilé onígéètì ní Ìjàpọ̀ àti yàrá méjì ní àdúgbò tuntun. Pàṣán bá wa kó lọ, ìyá àgbà kò bá wa kó lọ.

Ta ló ń jìyà rẹ̀? Ọmọ tó gba òdo nínú ìṣirò, tó ń fi èsì ìdánwò pamọ́, ni. Ọmọbìnrin tí àgbàlagbà kan ń dà láàmú lójú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ni, tí kò lè sọ nílé, nítorí ó mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, "Kí lo wá débẹ̀?" Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2014 fi hàn pé nínú ọmọ mẹ́wàá, bíi mẹ́fà ló ti rí ìwà ipá kan tàbí òmíràn kó tó pé ọdún 18. Bí ilé bá ń bani lẹ́rù, ta ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò sọ fún? Ẹni tó ń ṣe é níbi yóò máa bá a lọ, torí ó mọ̀ pé ọmọ náà kò ní lanu.

Mi ò sọ pé kí ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó máa ṣe bó ṣe wù ú. Òbí tó wà l'Ékòó tàbí lókè òkun, tó ń fi owó àti fóònù ránṣẹ́, tí kò mọ orúkọ ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ kan, kò tọ́mọ. Mo sì mọ̀ pé ìyá tó jókòó sí Ọjà Ọba láti àárọ̀ ti rẹ̀ kó tó délé. Ṣùgbọ́n kò rẹni láti béèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" kí a tó gbá ọmọ létí.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì sọ di tirẹ̀ ní 2007, kò gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Ó ní kí òbí tọ́ ọmọ sọ́nà, kó sì bá a wí. Ó ní kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún òbí. Ohun tó kọ̀ ni kí a ṣe ọmọ léṣe ní ara tàbí ní ọkàn.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ ṣòfin, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Bí ọmọ bá sọ òótọ́, ẹ má fi òótọ́ náà jẹ ẹ́ níyà, nítorí kò ní sọ òmíràn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ ní yàrá àti àkókò, kó má jẹ́ pé iṣẹ́ kíláàsì ni yóò máa ṣe láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ọmọ tó ń bẹ̀rù yín yóò gbọ́ràn títí ẹ ó fi kọjá lójú ọ̀nà. Èyí tó gbà pé ẹ fẹ́ràn òun yóò rántí ọ̀rọ̀ yín níbi tí ẹ kò sí, ibẹ̀ gan-an ló sì ti nílò rẹ̀ jù.