Kí Ni A Ó Kọ sí Pátákó Wa?

 

Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Lọ́kọ́jà, tí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú ìlú, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí òkúta, irin tàbí pátákó kan tí ó ń sọ fún un pé nǹkan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Ìlú wa yìí, tí òkè Patí dúró tì lẹ́yìn, tí Odò Ọya àti odò Bẹ́núè pàdé níwájú rẹ̀, ìtàn kò wọ́n ọn. Àwa tí a ń gbé inú rẹ̀ ni a kì í dúró kà á. A ń ru ẹrù ọjà kọjá, ọ̀kadà ń gbé wa kọjá, òjò ń pa pátákó náà, ọ̀dà ara rẹ̀ ń ṣí, koríko sì ń bò ó.

Ohun tí ó mú wa gbé kálàmù ni ọ̀rọ̀ tí ó dìde ní ìpàdé ẹ̀ka wa tí ó kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa dìde, ó ní ó yẹ kí àwa náà ri pátákó tiwa mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà, kí a kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé àwa Yorùbá ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó la ìlú yìí lójú. Àtẹ́wọ́ pọ̀. A dá owó lójú ẹsẹ̀, akápò sì gbà á. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ó tó ṣú, ìjà ti dé. Àwọn kan ní orúkọ ìlú tiwọn ni kí ó ṣáájú lórí pátákó, àwọn mìíràn ní baba ńlá àwọn ni ó kọ́kọ́ ní ìsọ̀ ní ọjà. Ariwo ni a fi tú ká lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ó rántí àdúrà ìparí.

Àwa fara mọ́ pátákó. Ọ̀rọ̀ “àkọ́kọ́” yẹn ni a kò fara mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, gba Odò Ọya wá sí agbègbè yìí. Ọwọ́ Attah Ígálà ni wọ́n ti gba ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi dá oko àwòkọ́ṣe sílẹ̀. Ilẹ̀ náà ní onílẹ̀ nìyẹn. Ibà pa àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà lọ bẹẹrẹ, oko náà sì tú ká ní 1842. Nígbà tí Dókítà Baikie wá jókòó síhìn-ín ní nǹkan bí ọdún 1860, Masaba, ọba Tápà, ni ó bá ṣe àdéhùn kí ó tó lè rójú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ wà lórí òkè àti ní ẹsẹ̀ òkè, àwọn tí èdè wọn kò jìnnà sí tiwa rárá. Ta ni yóò wá ri pátákó mọ́ ojú ọ̀nà lójú gbogbo àwọn wọ̀nyí pé òun ni ẹni àkọ́kọ́? Àwa tí a ń sanwó ìsọ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, tí ọmọ wa ń fẹ́ ọmọ wọn, ṣé irú ọ̀rọ̀ yẹn ni a ó fi jí wọn láàárọ̀?

A kò sọ pé kí ẹgbẹ́ má yangàn. Ohun tí a lè fi yangàn wà nílẹ̀, ó sì tó wa.

Nínú ọkọ̀ ọdún 1841 yẹn, ọmọ Yorùbá kan wà níbẹ̀. Àjàyí ni, ọmọ Òṣoògùn. Ní ọdún 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó ìlú rẹ̀, tí wọ́n mú un, tí wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ogún ọdún lẹ́yìn tí a fi okùn so ó lọ́rùn ni ó gba odò yìí wọlé, tí àwọn C.M.S. rán an. Ó tún wá ní 1854. Ó tún wá ní 1857. Ní 1864 a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, òun ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ oyè náà. Ọdún 1865 ni a ń kà sí ọdún ìpìlẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity tí ó dá sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, èyí tí a ń pè ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìíní ní gbogbo Òkè Ọya. Ìwé mẹ́fà péré ni àwa akọ̀wé yín kà kí a tó bọ́ sí ìdí ọjà, ṣùgbọ́n a kì í gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kọjá kí ara wa má bù máṣọ.

Nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ni irin méjì wà tí a rì mọ́lẹ̀, tí a ń pè ní Irin Òmìnira. Bí àlejò bá bi wá léèrè, ohun tí a máa ń sọ ni pé ibẹ̀ ni a ti tú àwọn ẹrú sílẹ̀ ní ọdún 1900. A kò jiyàn rẹ̀. Ní January 1, 1900, ní ìlú wa yìí, Lugard ka ìkéde ìjọba, a sọ àsíá Royal Niger Company kalẹ̀, a sì fa ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ mọ níbẹ̀ yóò rò pé láti ọjọ́ náà ni ẹrú ti tán ní Òkè Ọya. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin ọdún 1901 ka rírà àti títà ẹrú léèwọ̀, ó sì ní ọmọ tí a bá bí láti April 1 ọdún náà kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹni tí ó ti wà lọ́wọ́ olówó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn wà níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, tí wọ́n ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀ láti ra ara wọn padà. Ọdún 1936 ni òfin tí ó parí rẹ̀ pátápátá jáde. Ọdún mẹ́rìndínlógójì! Ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn ní 1900 lè ti di baba ọmọ kí ó tó gbọ́ pé òfin ti tú ìyá òun sílẹ̀. Irin méjì kò lè sọ gbogbo èyí, a mọ̀. Àwa tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó lè sọ ọ́.

Ti òkè Patí ni ó ń pa wá lẹ́rìn-ín. (“Patí” fúnra rẹ̀, òkè ni lédè Tápà, òun ni Pàtígì fi jẹ́ òkè kékeré.) Àwọn kan tí ń mú àlejò gun òkè a máa na ìka sí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, wọn a ní ibí yìí ni ìyàwó Lugard jókòó sí, tí ó wo omi, tí ó sì sọ orílẹ̀-èdè wa ní Nàìjíríà. Ó dùn létí bí oyin. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù, ti January 8, 1897, ni Flora Shaw ti dá orúkọ náà lábàá. Akọ̀ròyìn ni nígbà náà, Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ń ṣiṣẹ́, kò sì tíì di ìyàwó Lugard. Ọdún 1902 ni wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó. A sọ èyí fún ọ̀kan nínú àwọn tí ń mú àlejò gòkè. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ti orí òkè ni àwọn àlejò fi ń fún òun lówó.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ irọ́ sórí sìmẹ́ńtì kò ní rí i nù lọ́jọ́ náà.

Ibojì wà nílùú yìí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò yà sí rí. Kì í ṣe ti àwọn òyìnbó nìkan. Aliyu, Ẹ́míà Kánò, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ní 1903, Lọ́kọ́jà ni a gbé e wá sí nígbẹ̀yìn ìgbèkùn rẹ̀, ó sì kú ní 1926 láìpadà sórí oyè. Ọba ńlá di àlejò tipátipá. Ẹ sì jẹ́ kí a rántí ohun tí kò dùn: nígbà tí Lugard ń kó àwọn sójà West African Frontier Force jọ láti 1897 sí 1898, Yorùbá wà nínú àwọn tí ó gbà. Àwọn sójà ìjọba yẹn ni ó ṣẹ́gun Kánò ní 1903. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ìrìn àjò wa sí Òkè Ọya, kí ó mọ̀ pé èyí náà wà nínú rẹ̀, àwọn tí ó gbà wá lálejò kò sì gbàgbé.

Àwọn tí a kò tíì rí orúkọ wọn lórí pátákó kankan ni àwọn tí ó ru ẹrù láti etí odò, àwọn tí ó tu ọkọ̀, àwọn ìyá tí ó se oúnjẹ tà fún wọn, àwọn tíṣà àti kíláàkì tí ó ti Sàró wá, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ ẹrú. Àwọn wọ̀nyí ni àbá tiwa wà fún. Kí a má kọ orúkọ ìlú kankan sí pátákó, ì báà jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, ì báà jẹ́ Ọ̀fà, ì báà jẹ́ Ìlọrin. Iṣẹ́ ni kí a kọ: alárù, atukọ̀, aláṣọ, kápẹ́ńtà, tíṣà, olóúnjẹ. Kí a kọ ọdún tí ìwé bá fi hàn pé ẹgbẹ́ wa ti ń ṣe ìpàdé níhìn-ín, kì í ṣe ọdún tí ẹnìkan lálàá rẹ̀. Kí a kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Haúsá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí onílẹ̀ lè kà á kí inú rẹ̀ má bàjẹ́.

Ìwé náà gan-an ni ìṣòro. Omíyalé ọdún 2012 wọ inú yàrá tí àpótí ẹgbẹ́ wà, ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ sì di ẹ̀kọ. Díẹ̀ tí a sá lóòrùn, ti 2022 kó o lọ. Àwọn àgbà tí ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, méjì nínú wọn kò sì lè wá sí ìpàdé mọ́ nítorí ẹsẹ̀. Bí a bá ń jà lórí orúkọ ìlú títí ọdún mìíràn, kò ní sí ẹni tí a ó bi léèrè.

Nítorí náà, a ń bẹ yín pé kí akápò má tíì fọwọ́ kan owó pátákó. Kí ẹni mẹ́ta lọ rí Maigari ìlú, kí wọ́n sì ya ọ̀dọ̀ National Commission for Museums and Monuments, ilé-iṣẹ́ tí òfin ọdún 1979 gbé kalẹ̀ fún nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n béèrè ibi tí a lè rì í sí. Kí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ tọrọ àyè láti lọ ro koríko ẹ̀gbẹ́ àwọn pátákó tí ó ti wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá gbà fún wa, kí a rà ọ̀dà nínú owó náà.

Ẹni tí ó bá ní rìsíìtì àtijọ́, fọ́tò, káàdì ẹgbẹ́ tàbí lẹ́tà tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀, kí ó mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹ fi wé ọ̀rá kí òjò má baà pa á. A ó kọ orúkọ ẹni tí ó mú un wá àti ọjọ́ tí a gbà á sínú ìwé, a ó ya àwòrán rẹ̀, a ó sì dá a padà fún un lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò ní ìwé ṣùgbọ́n tí ó ní ìyá àgbà nílé, kí ó ránṣẹ́ pè wá. Àwa ni a ó wá bá wọn.